Ìwé Ọdún Tí Ó Wá sí Agbẹni

Ilé ìdìwé bàbá mi wà ní Agbẹni,
ó kọjú sí gọ́tà.
Abẹ́rẹ́ ńlá, òwú tí a fi ìda pa,
òórùn ìwé àtijọ́ bí inú àpótí aṣọ ìyá àgbà.
Èmi ni mo máa ń po àtè.

Ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá,
òyìnbó kan wọlé, ó gbá ìwé mọ́ àyà
bí ẹni gbé ọmọ tí ibà ń ṣe.
Tíṣà ni ní Òkè-Àdó, Puríìsì ni à ń pè é.
Bàbá mi ní, “Ẹ káàbọ̀, ará Gẹ̀ẹ́sì.”
Ó mi orí: “Wéèlìsì ni mí, bàbá.
Bí mo bá pè yín ní ará Ẹ̀gbá ńkọ́?”
Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín, ó fa àpótí fún un kó jókòó.

Ìwé ọdún 1865 ni.
Kòkòrò ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀, omi ti mu etí rẹ̀,
baba ńlá Puríìsì sì ti fi pẹ́ńsù kọ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́:
Oṣù kejì, yìnyín bo òkè, àgùntàn mọ́kànlá kú.
Oṣù kẹrin, kòtò èédú wó. A gbé ọmọ Ífánì jáde,
bàtà rẹ̀ kan ṣì wà lẹ́sẹ̀.
Oṣù karùn-ún, ọkọ̀ ojú omi ṣí ní Lífápuù,
ó kó bí àádọ́jọ nínú wa lọ sí ìpẹ̀kun ayé,
kí wọ́n lè rí ibi tí wọn yóò ti máa sọ èdè wọn
láìsí ẹni tí yóò nà wọ́n.

Mo dá ọwọ́ àtè dúró. Ta ní ń nà wọ́n?
Ó ní nílé ìwé ni.
Igi pẹlẹbẹ kan wà, wọn á so ó mọ́ ọrùn ọmọ
tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀.
Ọmọ náà á máa dẹtí sí ẹlòmíràn tó máa ṣì í sọ,
kó lè gbé e kọ́ onítọ̀hún lọ́rùn.
Ọrùn tí agogo ìrọ̀lẹ́ bá bá a,
olúwarẹ̀ ni pàṣán mọ̀.

Bàbá mi kò wò mí. Èmi náà kò wò ó.
Lánàá ọjọ́ náà gan-an, ní ilé ìwé wa,
ọrùn mi ni pátákó sùn sí,
nítorí mo sọ fún Ọ̀jẹ́tọ́lá pé kòkòrò wà léjìká rẹ̀.
Kí ni ǹ bá ti pe kòkòrò?

Bàbá mi fi eyín já òwú.
“Ọdún tí ẹ wí yẹn,
Ìjàyè ti di ahoro ọdún mẹ́ta.
Ìyá bàbá mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án
ní agboolé ológun kan ní Ìsàlẹ̀-Ìjẹ̀bú.
Ohùn Ìjàyè ni ó fi sọ̀rọ̀ títí ó fi kú,
kò sí ẹni tó so igi mọ́ ọn lọ́rùn nítorí ìyẹn.
Okùn tí wọ́n fi mú un wọ̀lú,
ọ̀ràn mìíràn ni.”

Òjò tún bẹ̀rẹ̀. A ń gbọ́ ọ lórí páànù.

Nígbà tí ìwé náà gbẹ, ewé òfìfo mẹ́rin wà lẹ́yìn rẹ̀
tí Puríìsì kò béèrè fún.
Bàbá mi ní, “Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀.”
Kò gba owó rẹ̀.

Ní ẹnu ọ̀nà, mo béèrè ohun tí wọ́n ń pe kòkòrò
ní èdè tiwọn.
Ó sọ ọ́. Ó dà bí ẹni fẹ́ eruku kúrò lórí ìwé: pírìífù.

Mo gbé e lọ ilé ìwé lọ́jọ́ kejì.
Tíṣà wa ṣí ìwé atúmọ̀, ó tì í,
ó tún un ṣí.
Mo rí i tí ó dúró pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́,
tí kò mọ̀ bóyá òfin kàn mí.